Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò ní Kùtọnú: ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó sanwó

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá ṣòwò ní ọjà Dantokpa ló jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra ni wọ́n ti ń gbọ́ iye tí mọ́tò ń lọ ní Kùtọnú. Iye náà máa ń dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ó lè jẹ́ iye mọ́tò tí kò tíì san kọ́bọ̀ fún douane.

Ṣé ẹ rí i, oríṣi méjì ni mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Kùtọnú wọlé: èyí tí wọ́n máa lò ní Benin níbí, àti èyí tó kàn ń kọjá lọ sí Niger àti ibòmíràn. Transit ni wọ́n ń pe ìkejì, kò sì san owó ibodè ti Benin. Tí ẹ bá dé parc lọ́nà Ekpè, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: "Ṣé ẹ ti ṣe dédouanement rẹ̀, àbí sous douane ló ṣì wà?" Tó bá jẹ́ sous douane, iye tó pè kọ́ lẹ máa san tán. Owó ibodè ń bẹ níwájú, TVA ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ń bẹ, owó déclarant tó máa bá yín sáré ìwé náà ń bẹ. Ẹni tó bá ń wà á kiri ìlú bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí douane bá dá a dúró, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Owó á ti lọ, mọ́tò náà á lọ.

Ẹ gba quittance douane sọ́wọ́. Nọ́ńbà châssis máa ń jẹ́ létà àti nọ́ńbà 17. Ẹ fi èyí tó wà nínú ìwé wé èyí tó wà lára irin mọ́tò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.

Lẹ́yìn náà ni visite technique ní CNSR, àti carte grise lọ́dọ̀ ANaTT. Ẹ ní IFU yín lọ́wọ́. Tí mọ́tò bá ti ní carte grise lórúkọ ẹlòmíràn, ẹ ṣe mutation kíá. Ìwé tí ẹ̀yin àti ẹni tó tà á jọ fọwọ́ sí nìkan ò tó: tí onítọ̀hún bá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ lè wá bèèrè mọ́tò bàbá wọn.

Ti àṣíráǹsì, ẹ bèèrè carte brune CEDEAO mọ́ ọn. Kùtọnú níbí gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, òun ló sì ń dáàbò bò yín tí ẹ bá kọlu ẹnìkan ní Lomé tàbí Accra.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á níbí kí ẹ wà á gba Sèmè lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ibodè orí ilẹ̀. Mélòó làwọn agbódegbà tó máa sọ ìyẹn fún yín?

Ẹni tó bá sì wakọ̀ tirẹ̀ wá láti Nàìjíríà, àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 fún mọ́tò aládàáni ní ọjọ́ 90, ó fún ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní 15, tí ìwé ọkọ̀, ìwé ìwakọ̀, àṣíráǹsì àti ìwé ibodè bá pé. Fún Tokpa nìkan, zémídjan ti tó. Ibi tí ẹ máa páàkì sí gan-an ò sí.