Ẹran Ọ̀sìn Ṣáájú Oko: Bí Ọdẹ Ṣe Di Àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Ilẹ̀ Lárúbáwá

Al-Abidiyah, apá ìlú Mẹ́kà tí Yunifásítì Umm al-Qura wà, jẹ́ ilẹ̀ yanrìn tí àwọn òkè àpáta gbígbẹ yí ká, ẹni tí ó bá sì wò ó lónìí lè rò pé kò sí ohun tí ẹ̀dá rí jẹ níbẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Súrà Ibrahim nínú Àlùkùránì pàápàá pe àfonífojì Mẹ́kà ní ibi tí kò sí ohun ọ̀gbìn. Síbẹ̀, ní àfonífojì Fatima, láàrin Mẹ́kà àti Jẹ́dà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àáké òkúta tí a fi ọwọ́ gbẹ́, irú èyí tí àwọn ìran tí ó ṣáájú ènìyàn òde òní ń lò láti fi kun ẹran, èyí tí ó fi hàn pé omi àti ẹran ìgbẹ́ kò wọ́n níbẹ̀ nígbà kan rí.

Ìtàn tí a mọ̀ jù ni pé ènìyàn fi ọdẹ àti ṣíṣa èso igbó jẹ sílẹ̀, ó dá oko, lẹ́yìn náà ni ó wá ń sin ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní àríwá, ní àwọn ilẹ̀ tí à ń pè ní Síríà, Íráàkì àti Tọ́kì lónìí, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà àti ọkà báálì láti nǹkan bí ọdún 11,000 sẹ́yìn. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹran ọ̀sìn ni ó kọ́kọ́ dé; oko ni ó gbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó dé.

Láàrin ọdún 10,000 sí 6,000 sẹ́yìn, òjò máa ń rọ̀ dáadáa sí ilẹ̀ náà, koríko bo ibi tí ó di aṣálẹ̀ lónìí, adágún omi sì wà káàkiri. Lára àpáta Shuwaymis àti Jubbah, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2015, àwọn ọdẹ ya àwòrán ara wọn pẹ̀lú ọrun àti ọfà, wọ́n sì ya ajá tí a fi okùn so mọ́ ìbàdí ọdẹ. Nígbà tí ó yá, màlúù gba ipò iwájú nínú àwòrán. Màlúù kì í pẹ́ láìmu omi, nítorí náà ibi tí agbo màlúù bá ti lè jẹ̀ gbọ́dọ̀ ní omi nítòsí. Bí àwọn darandaran wọ̀nyí ṣe ka màlúù sí hàn nínú mustatil, èyíinì ni àwọn ọgbà olókùúta onígun mẹ́rin gbọọrọ tí wọ́n kọ́ ní agbègbè AlUla àti Khaybar ní nǹkan bí ọdún 7,000 sẹ́yìn. Iye tí a ti rí lé ní 1,000, àwọn mìíràn sì gùn ju mítà 500 lọ. Nínú yàrá kékeré tí ó wà ní orí wọn ni a ti bá ìwo àti agbárí màlúù àti ewúrẹ́ tí wọ́n fi rúbọ níwájú òkúta tí a gbé nàró. Ó yẹ kí èyí mú kí a tún èrò pa nípa àwọn tí a ń pè ní alárìnká: àwọn tí ó lè pa agbára pọ̀ ru òkúta tó bẹ́ẹ̀ ní ètò láàrin ara wọn, wọ́n sì ní ìgbàgbọ́, bí wọn kò tilẹ̀ ní oko kankan.

Irú ìyípadà láti ọdẹ sí ìgbé ayé mìíràn tí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ihò Eléérú, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú ilẹ̀ rẹ̀ ní 1965, ìkòkò amọ̀ àti àáké òkúta tí a lọ̀ dán wọ inú ohun èlò àwọn ọdẹ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ̀rí bí oko ṣe dé ilẹ̀ Lárúbáwá wà ní Umm Jirsan, ihò gígùn kan ní àríwá Mẹ̀dínà, tí òkúta yíyọ́ láti inú òkè ayọnáyèéfín là sí abẹ́ ilẹ̀. Àwọn darandaran máa ń sinmi níbẹ̀ pẹ̀lú agbo wọn, wọ́n sì ya àgùntàn, ewúrẹ́ àti ajá sí ara àpáta ìtòsí rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ egungun ènìyàn tí ó wà nínú ihò náà wò, nítorí pé oúnjẹ a máa fi àmì sílẹ̀ nínú egungun, wọ́n rí i pé bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni àwọn ènìyàn ń jẹ irú ohun ọ̀gbìn tí a máa ń rí nínú oko ẹ̀bá ìsun omi.

Òjò ti dínkù gan-an nígbà náà. Ó jọ pé ọ̀dá wà lára ohun tí ó sọ darandaran di àgbẹ̀, nítorí pé nígbà tí koríko gbẹ, ibi tí omi ti ń sun nìkan ni ó kù fún wọn láti dúró sí. Igi dàbínù ni ó gbé oko náà ró: gbòǹgbò rẹ̀ a máa wá omi lọ sísàlẹ̀, òjìji rẹ̀ a sì dáàbò bo ọkà àti ẹ̀fọ́ kúrò lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n akọ àti abo rẹ̀ yàtọ̀, àgbẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ gun igi lọ fi òdòdó akọ kan ti abo kí ó tó lè so dáadáa. Ẹni tí ó bá ní irú oko bẹ́ẹ̀ kò lè ṣí kúrò mọ́. Ní Khaybar, ní nǹkan bí ọdún 4,000 sẹ́yìn, wọ́n mọ odi tí ó gùn tó kìlómítà 14 yí oko àti ilé wọn ká.

Mẹ́kà kò ní irú oko bẹ́ẹ̀. Èso àjàrà àti pómégíránétì ti orí òkè Táìfù wá, ẹ̀fọ́ àti dàbínù sì ti àfonífojì Fatima wá. Omi pàápàá jẹ́ ohun tí a ní láti fà wá: Zubaydah, aya Harun al-Rashid, kálífà tí ó jọba láti 786 sí 809, ni ó ná owó ńlá láti la ojú omi láti àfonífojì Nu'man gba Àráfà wá fún àwọn tí ó wá ṣe hájì. Ní 1947, ìjọba Ọba Abdulaziz fi páìpù fa omi ìsun àfonífojì Fatima lọ sí Jẹ́dà, tí òùngbẹ ti ń fìyà jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlú náà rí omi mu, ó sì gbòòrò kíákíá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oko àfonífojì náà gbẹ, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì lọ wá iṣẹ́ sí Jẹ́dà.