Hẹ́dífóònù Tó Ń Dí Etí DJ Pinpin

Bí òde àríyá bá gbóná ní Ìyìn-Èkìtì, sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ a máa bo orin tí DJ ń fi etí kan yẹ̀ wò mọ́lẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà àti oníròyìn ni Sennheiser kọ́kọ́ ṣe HD 25 fún ní 1988, kí àwọn DJ tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Orí etí ló ń jókòó lé, ó sì fún bíi gèlè ìyàwó: ariwo kì í wọlé, àmọ́ tó bá pẹ́, etí á máa ta. MDR-7506 tí Sony gbé jáde ní 1991 bo gbogbo etí, ó rọ̀ jù ú lọ. Olówó pọ́ọ́kú inú ọjà fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ń wọ̀ ọ́. DJ á wá yí ohùn sókè, á máa ba etí ara rẹ̀ jẹ́. HD 25 tòkúnbọ̀ làwa máa yàn, torí wáyà àti tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀.