Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Ẹyẹ Tán

4:50 ìdájí

Obìnrin náà ti jí kí aago tó dún. Ìwé ìwọ̀n ló kọ́kọ́ nawọ́ sí, kò tíì gbé omi tíì kaná. Láti ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti dá ọgbà ẹyẹ apẹranjẹ sílẹ̀ ní ìgbèríko Shropshire, níbi tí England ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Wales, kò sí òwúrọ̀ tí wọn kì í gbé àwọn ẹyẹ wọn sórí òṣùwọ̀n. Àṣá kì í kérora. Nínú igbó, èyí tó bá fi àárẹ̀ hàn ni ẹlòmíràn á pa jẹ, nítorí náà á máa ṣe bí alágbára títí di ọjọ́ tó bá ṣubú. Ìwọ̀n ló máa ń tú u fó. Bí ẹyẹ tó ń wọn gíráàmù 900 bá sọ gíráàmù 40 nù láàárín ọjọ́ méjì, olówó rẹ̀ ti mọ̀ pé dókítà ẹranko ló kàn.

Nǹkan bí aago mẹ́jọ ni èmi dé ibẹ̀, mo sì ti kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí ojú mi kò tó nínú ìtàn yìí, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì fi ìwé ìwọ̀n náà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

5:40 àárọ̀

Akọ àṣá Harris, 640. Abo rẹ̀, 985. Àkọsílẹ̀ nìkan ni, kò sí oúnjẹ. Ẹyẹ tó bá yó wọ ọkọ̀ lè bì sínú àpótí níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, kí oúnjẹ náà sì há a lọ́fun. Láti ọ̀sán àná ni wọ́n ti dín tiwọn kù. Akọ yẹn mọ̀ pé òṣùwọ̀n ló máa ń ṣáájú ẹran. Ó dúró sórí rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà, ẹran kò wá. Ó fò padà sórí igi rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

6:30 àárọ̀

Ọkọ rẹ̀ gbé àtẹ̀gùn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó tú pátákó ọgbà náà sílẹ̀. Láti ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọn kò ti gba àlejò mọ́, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kó ọmọ wá lópin ọ̀sẹ̀.

7:15 àárọ̀

Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 19, ń gé kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ìsàlẹ̀ àpótí bá ń yọ̀, ẹyẹ á máa nà, á máa ṣubú, ìyẹ́ ìrù rẹ̀ á sì kán. Ìyẹ́ tó bá kán kò ní hù títí ẹyẹ yóò fi pàwọ̀ dà. Ihò ara àpótí ni àwọn ẹyẹ fi ń mí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì lu àwọn ihò ọ̀hún sí kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bá wọn lójú. Ẹyẹ tí kò bá ríran kì í bẹ̀rù.

Òun ló sọ fún mi nípa ìbéèrè tí àlejò kò yé bi í láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn pé ọgbà fẹ́ kógbá wọlé: kí ló dé tí ẹ ò kàn ṣí ilẹ̀kùn kí àwọn ẹyẹ máa lọ? Ìbéèrè yẹn dùn létí. Mo sì lérò pé ìkà ló wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń bèèrè kò tilẹ̀ mọ̀. Ibo ni àṣá Harris fẹ́ lọ ní Shropshire? Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà títí dé Chile àti Argentina ni ilẹ̀ baba rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1981 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tú ẹranko tí kì í ṣe ti ilẹ̀ náà sínú igbó wọn. Àní òwìwí olójú funfun tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú èyí tí wọ́n bí sínú àgò sílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ká tilẹ̀ pa òfin tì. Òwìwí ńlá kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ìyẹ́ orí rẹ̀ nà sókè bí etí, tí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ènìyàn ló kọ́kọ́ lajú bá, ènìyàn ló sì gbà pé òun jẹ́. Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù Kejì, á máa gbé òkú eku wá fún ọkọ obìnrin yẹn, á máa dún hùú-hùú sí i láti alẹ́ dójúmọ́. Ó ti fi í ṣe ìyàwó. Bí ẹ bá tú irú èyí sílẹ̀, èjìká ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí lójú pópó ni yóò bà lé, pẹ̀lú èékánná tó ń gún ehoro pa.

8:20 àárọ̀

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ dé pẹ̀lú fáìlì. Níbẹ̀, ibikíbi tó bá ń fi ẹranko ìgbẹ́ han gbogbo ènìyàn fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọgbà ẹranko, lábẹ́ òfin ọdún 1981 mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ gbọ́dọ̀ fi han ìjọba ibi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń lọ àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù ní ilé ìdáná, ó ń ka nọ́ńbà òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ, obìnrin náà sì ń na àwọn ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ ìyeyè sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹyẹ ni wọ́n máa ń ti òrùka yẹn bọ̀ lẹ́sẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó jáde nínú ẹyin. Bí ẹsẹ̀ bá ti tóbi, kò ṣeé bọ́ mọ́ àfi kí a gé e. Ẹyẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bá ìwé mu, a kò lè fi ṣòwò, a kò sì lè fi hàn fún owó.

Mo bi obìnrin náà léèrè bóyá ẹni tó fẹ́ ra àwọn ẹyẹ pọ̀. Gbogbo ayé nínú ọgbà náà ló ń fi orúkọ àbísọ pe ìyá yìí, títí dórí ọmọ ọdún 19. Ẹnu tèmi kọ̀ ọ́, "Mà" ni mo ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ.

"Wọ́n pọ̀ ju ẹyẹ lọ," ló dáhùn. Ọ̀kan fẹ́ kó gbogbo òwìwí lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa gbé wọn lọ síbi ìgbéyàwó láti fi gbé òrùka wá fún ọkọ ìyàwó. Iṣẹ́ gidi ni lọ́dọ̀ wọn. (Ẹ fojú inú wo òwìwí tó ń rà bàbà láàárín gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ìjẹ̀bú Òde. Onílù ni yóò kọ́kọ́ sá.) Ọ̀pọ̀ owó ni ọkùnrin yẹn fi lọ̀ wọ́n, Mà kọ̀. Ibi tí ẹyẹ rẹ̀ yóò sùn ló bèèrè, ọkùnrin náà sì ń fi fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ dá a lóhùn.

9:30 àárọ̀

Àwọn akẹ́rù dé. Ilé tí tọkọtaya náà ń gbé wà nínú ọgbà, wọ́n ti ta ilẹ̀ àti ilé pọ̀, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni ẹyẹ àti àga ń kó jáde. Ọkùnrin mẹ́ta, ọkọ̀ ńlá kan. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n dé ìdí fírísà, ọ̀kan nínú wọn sì ṣí i wò.

Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ló kún inú rẹ̀ dé etí, dídì gbagidi, aláwọ̀ ìyeyè, tojú-tẹsẹ̀. Akọ ni gbogbo wọn: ilé iṣẹ́ tó ń pa ẹyin fún àwọn olówò ẹyin kò wá akọ, ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin náà ni wọ́n ń dá ẹ̀mí wọn légbodò, àwọn ọlọ́gbà ẹyẹ sì ń ra òkú wọn ní páálí-páálí. Ọkùnrin akẹ́rù yẹn rọra pa fírísà dé. Ó ní ìwé àdéhùn àwọn kò mẹ́nu kan òkú. Ọkọ Mà ní oúnjẹ ni. Akẹ́rù ní oúnjẹ ta ni? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi jiyàn, kí ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ tó rí okùn, ó di fírísà náà yíká, ó kọ "ẸRAN" sí i lára. Wọ́n gbé e.

10:45 àárọ̀

Àwọn àṣá Harris lọ. Akọ àti abo pa pọ̀, sọ́dọ̀ ọlọ́dẹ kan ní Cheshire. Irú wọn wà lára ìwọ̀nba àṣá tó ń dọdẹ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ọ̀kan á lé ehoro jáde, èkejì á gbá a mú. Mà kò gbà kí wọ́n pín wọn níyà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ.

11:30 àárọ̀

Ó kan igún.

Igún tiwa gan-an ni, kékeré yẹn tí orí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. England ni wọ́n ti bí i, kò mọ ooru. Ó jáde nínú ilé rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó fa okùn bàtà mi tú, ó gbórí sókè láti wo ohun tí n óò ṣe. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, a kì í wo irú ẹyẹ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wà lórí òrùlé odò ẹran, wọ́n wà lórí ààtàn, ojúgbà wa ni wọ́n. Lónìí, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní ìlú ńlá èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá kí ẹ gbójú sókè, bóyá ẹ óò rí ọ̀kan. Ní ọdún 2015 ni àjọ IUCN to igún yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pòórá láyé. Májèlé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Àwa tí a ní igún kò ṣeé pa, tí a ní kò ṣeé jẹ, àwa náà la ń to orí rẹ̀ sórí àtẹ lọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò àti epo igi, fún àwọn tí ń wá oògùn àwúre. Mo sọ èyí fún Mà. Kò sọ nǹkan kan, ó ń fi ẹ̀rọ ka ṣíìpù tó wà lábẹ́ awọ ẹyẹ náà.

Ọgbà kan tó ní akọ tí kò ní abo ni igún yìí ń lọ, bóyá wọn á bímọ. Bí ó ti wọ àpótí fúnra rẹ̀ láìjà ya gbogbo wa lẹ́nu, àfi ọmọbìnrin òṣìṣẹ́: òun ló ti ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú àpótí yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ọmọ náà wọ ilé igún, ó ń gbálẹ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé mọ́.

1:10 ọ̀sán

Búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ní ìdúró. Ibẹ̀ ni ọkọ Mà ti sọ ìdí tí wọ́n fi ń palẹ̀ mọ́. Oṣù Kẹta 2020, ìjọba ti gbogbo ìlú pa, àlejò kò wá, ẹyẹ ṣì ń jẹun. Lẹ́yìn náà ni àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu dé. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2022 di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2023, àṣẹ wà jákèjádò England pé kí ẹyẹ ọ̀sìn má jáde. Ó gbọ́wọ́ lé orúnkún rẹ̀: èyí náà wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ tó fẹ́ jogún iṣẹ́ yẹn.

Ó dárúkọ ọgbà Newent ní Gloucestershire, èyí tí Phillip Glasier dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jemima Parry-Jones, gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yẹn kó ẹyẹ rẹ̀ ré òkun kọjá lọ sí South Carolina ní Amẹ́ríkà, ó sì tún padà wá sí Newent nígbà tó yá. "Ọgbọ̀n ọdún ni a fi dàgbà ju ẹni tó lè ṣe irú ìyẹn lọ," ó ní, ó sì bu búrẹ́dì jẹ.

2:40 ọ̀sán

Òwìwí ńlá kò gbà. Ó ti gbọ́ ohùn àwọn akẹ́rù láti àárọ̀, ó wú ìyẹ́ rẹ̀ títí ó fi tóbi ní ìlọ́po méjì, ó ń ta ẹnu rẹ̀ kọ-kọ-kọ. Aṣọ ìnura ni wọ́n dà bò ó kí ọkọ Mà tó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọn kì í ka ẹnu kún. Ọmọ ọdún 24 ni. Irú rẹ̀ lè lò tó ọgọ́ta ọdún nínú ilé ẹyẹ. Mà jẹ́ ẹni ọdún 71, ọkọ rẹ̀ jù ú lọ, ẹ ṣírò rẹ̀: bí wọn kò bá fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nísinsìnyí, ẹyẹ ni yóò sin olówó rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Yorkshire ló gbà á. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yìí kí ẹyẹ lè mọ ojú rẹ̀.

Mo rò pé ọkọ Mà yóò sunkún. Orí àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń wò, èékánná kan ti gba inú ìbọ̀wọ́ awọ kọjá. "Aláìmoore," ó ní, ẹ̀rín ló ń rín.

4:30 ìrọ̀lẹ́

Idì nìkan ló kù, òun ló ń bá wọn lọ sílé tuntun, ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Wales. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ṣú, kò sí ọgbà tó fẹ́ ẹ. Irú idì yìí wà lára àwọn ẹyẹ tí òfin ní kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, bí ibùgbé wọn bá sì yí padà, ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́. Mà ti kọ̀wé nípa ibùgbé idì ṣáájú kó tó rántí kọ̀wé sí báńkì nípa tirẹ̀. Wọ́n dé e ní fìlà awọ tó bo ojú, ó dákẹ́ bí ọmọ tí a pọ̀n.

Mo kí wọn pé ó dìgbà. Mà ní kí n gbé pákó méjì lọ bí mo bá ń wá igi.

8:35 alẹ́

Wọ́n dé. Ọmọ wọn ọkùnrin ti kan ilé ẹyẹ tuntun náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kọjú sí ìlà oòrùn kí ìjì òkun má bàa máa wọlé. Idì jáde nínú àpótí, ó gbọn ara rẹ̀, ó yàgbẹ́ sára ògiri tuntun. Mà dùn sí i: ìgbẹ́ funfun, ó mọ́, kò sí àwọ̀ ewé nínú rẹ̀.

9:15 alẹ́

Ìwé ìwọ̀n wà lọ́wọ́, òṣùwọ̀n kò sí. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ló wà, ọ̀la ni ìyẹn ń bọ̀. Mà ti ìka rẹ̀ bọ abẹ́ ìyẹ́ àyà idì náà, ó wá eegun àárín, ó fọwọ́ wo ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"4,300," ó ní.

Ọkọ rẹ̀ ní kò pé bẹ́ẹ̀, 4,200 ni. Wọ́n jiyàn díẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé, bí mo ti rí i fúnra mi lẹ́yìn náà, ni 4,250, pẹ̀lú àmì ìbéèrè méjì lẹ́yìn rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ pé ó jẹ òròmọdìẹ mẹ́ta.