Nígbà tí Òǹkàwé Di Òǹkọ̀wé: Lẹ́tà sí Olóòtú nínú Ìwé Ìròyìn Yorùbá, 1859 sí 1930

Ìfáàrà
Bí a bá ń sọ ìtàn ìwé ìròyìn Yorùbá, orúkọ àwọn olóòtú àti ọdún tí ìwé jáde la sábà máa ń kà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, àyè tí òǹkàwé rí láti fèsì la fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé àyè yìí ló sọ ìwé ìròyìn di ti ará ìlú, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń kọ́ olùkọ́.

Láti kíkà dé fífèsì
Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni kí àwọn ènìyàn sọ ìwé kíkà di àṣà. Ìwé náà kógbá sílé ní 1867, nígbà tí rògbòdìyàn Ifọ́lé lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú.

Ìgbà ọ̀tun dé lẹ́yìn 1920. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá sì bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924. Ní àkókò yìí, lẹ́tà òǹkàwé ti di ara ohun tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá
Àpẹẹrẹ tó gbayì jù wà nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Isaac B. Thomas. Ní 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Obìnrin náà ti darúgbó, àìsàn sì ti dá a gúnlẹ̀. Ó ń ròyìn bó ṣe lo ẹwà rẹ̀ nílòkulò nígbà èwe, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé padà: àwọn kan bá a kẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Ní 1930, àwọn lẹ́tà náà di ìwé, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra o. Olóòtú ló ń yan lẹ́tà tí yóò jáde. Èyí tí kò tẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa lónìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òǹkàwé tó fi owó ránṣẹ́ kò mọ̀ pé olóòtú lòun ń bá sọ̀rọ̀. Àyè ìfèsì láìsí òótọ́ lè di ọ̀nà ìtànjẹ.

Ìkádìí
Àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú kíláàsì wa, akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé Yorùbá, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìdánwò nìkan ló ń kọ. A dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà lórí ohun tó kà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì, kí olùkọ́ sì dá a lóhùn. Èdè tí a ń kà lásán, tí a kì í fi í fèsì, kò ní pẹ́ kú lọ́wọ́ wa.