"Soil" ni wọ́n bi í, "oil" ló dáhùn: ìtàn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ wa

1. Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, ìtàn rèé. Ọ̀tan Ayégbajú ni mo ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nílé-ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ "fanakúlà" á san owó ìtanràn, bí kò bá lówó, á kúnlẹ̀.

2. Ní kíláàsì kẹrin, ìbéèrè kan jáde nínú ìdánwò: "Name three types of soil." Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó kọ palm oil, groundnut oil àti engine oil. Tíṣà kà á sókè. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù. Òdo ló gbà.

3. Ọmọ àgbẹ̀ mà ni ọ̀rẹ́ mi yẹn o. Tó bá bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, á sọ fún ẹ bóyá iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀ àbí amọ̀, á tún sọ èyí tí iṣu máa ta sí dáadáa. Èmi tí mo gba máàkì kíkún, mo kàn há a sórí látinú nóòtì ni. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n ní kó tún kíláàsì kà.

4. Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi: kí gan-an ni òdo yẹn wọ̀n? Ìmọ̀ ilẹ̀ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ìdánwò bi í ní nǹkan méjì pọ̀, ó sì fún un ní máàkì kan ṣoṣo.

5. Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Lọ́dún 1882, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ tó kan Èkó àti Gold Coast. Owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ń gbà wá ń tẹ̀lé èsì ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ sì ni òfin náà kà kún. Àwọn míṣọ́nnárì ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀, ìwé Yorùbá sì wà. Ṣùgbọ́n ta ló máa tẹra mọ́ ohun tí kò mówó wálé?

6. Ẹ jẹ́ ká fò dé January 1955. Ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tó lé ní 800,000 sì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Yorùbá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, gbogbo iṣẹ́ á yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ka ìwé mẹ́fà tán, Gẹ̀ẹ́sì ò dá ṣáká lẹ́nu wọn, Yorùbá kíkọ náà ò já gaara.

7. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ní January 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀, bí èdè, lọ́dọ̀ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ kejì tẹ̀lé ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù.

8. Iṣẹ́ yẹn ò rọrùn o. Ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ò sí nílẹ̀, àwọn ló jókòó tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kọ ìwé. Ford Foundation fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

9. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn ọmọ méjèèjì wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ yòókù. Ibi tó dùn jù nìyí: Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò gbé wọn ṣubú. Wọ́n ṣe ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ níbẹ̀ náà.

10. Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: "Ṣebí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ló dáa." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó dáa la nílò nígbà náà. Kò dìgbà tí a bá sọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì di Gẹ̀ẹ́sì.

11. Lọ́dún 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n máa fi èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọdún mẹ́fà gbáko. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB.

12. Ẹ dúró ná. Ọmọ tó jókòó ṣe WAEC ní 2025 ti kúrò ní pírámárì kí ìlànà 2022 tó jáde. Èdè wo ni wọ́n sì fi ṣe ìbéèrè WAEC? Ọ̀rọ̀ "soil" yẹn náà ló tún padà dé yìí o.

13. Mi ò ní ká má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, ó sì rí i tọ́: òun ló ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo kíláàsì ni èdè kan ṣoṣo wà. Kódà ní Ọ̀tan, ẹ̀ka èdè tá a ń sọ nílé kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká wọn Gẹ̀ẹ́sì bíi Gẹ̀ẹ́sì, ká sì wọn ìmọ̀ bí ìmọ̀.

14. Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ wà lórí TL mi, ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ọmọ bá gba òdo, ẹ pè é, ẹ fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè kan náà. Tó bá dáhùn, ẹ ti mọ ohun tó kù tẹ́ ẹ máa kọ́ ọ.

15. Ọ̀rẹ́ mi ṣì wà ní Ọ̀tan. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Òdo yẹn ló rántí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìbéèrè wo lẹ kùnà tó jẹ́ pé ẹ mọ ìdáhùn ẹ̀ dunjú? Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀.