Kòkó, Wúrà àti Odò Ọ̀ṣun

Ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ ló so ètò ẹ̀kọ́, ọrọ̀ ajé àti àyíká pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ètò náà ró, àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì wà lára àwọn tó ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n kí oko kòkó tó gbilẹ̀, igbó ní láti dínkù.

Ní Òṣogbo, àṣà ti fi ààlà sílẹ̀: nínú igbó mímọ́ òrìṣà Ọ̀ṣun, létí odò Ọ̀ṣun, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú dìde láti dáàbò bò ó. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO fi igbó náà kún àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Wúrà ló mú ìṣòro mìíràn wá. Ní Ìtagunmódì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà á gbẹ́ ilẹ̀, wọn á fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ á sì ṣàn lọ sínú odò. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun. Ìjọba tó fẹ́ kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ dáàbò bo omi tí ọmọ náà yóò mu.