Ta Ló Tú Ẹrù Náà?

Bí ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fi páálí ẹrù kan ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ fi inú dídùn lọ gbà á, tí ẹ wá rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ padà, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí bàtà bá pé méjì, tí aṣọ kò dín, ọ̀rọ̀ bùṣe, a ó gbé ẹrù wa relé. Bí nǹkan kan bá dín, a ó ṣépè títí ẹnu yóò fi kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ju iye bàtà lọ: ta ló tú u, ta ló fún un láṣẹ, kí ló sì dé tí kò fi àmì sílẹ̀ pé òun ni òun tú u? Ìbéèrè yìí ní ìtàn gígùn, ìtàn náà sì kan Ìkẹjà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi okùn sín ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé èmi àtìrẹ jọra, ọ̀rọ̀ wa jọ ṣe ọ̀kan. Àwọn ará Ìjẹ̀bú mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó, débi pé ní àwọn ọdún 1880 àwọn òyìnbó kó àrokò wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ lè fojú rí i. Ẹ ṣàkíyèsí ipò ìránṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá yọ ẹyọ kan péré kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀fà ti di àrún, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì ti bàjẹ́ láàárín ẹni méjì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó bá tú okùn àrokò, ẹni tó rán an ló kọ́kọ́ ṣẹ̀.

Ní 1852 ni iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọdún náà gan-an ni ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà wá déédéé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di 1874 kí Èkó tó ní sítáǹpù tirẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, àpò lẹ́tà ń gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló ń tọ́jú irú àpò bẹ́ẹ̀: a ó fi okùn di ẹnu rẹ̀, a ó tẹ èdìdì mọ́ okùn náà, ẹni tó bá sì gbà á yóò kọ́kọ́ wo èdìdì kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Bákan náà ni lẹ́tà rẹ́jísítà, tí a fi ìlà búlúù dábùú rẹ̀ lóròó àti níbùú. Gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án ni yóò fi orúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni ìlà búlúù yẹn. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1940 àti 1950 kò lè gbàgbé bí wọ́n ti ń ra pósítà ọ́dà, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ra bàtà àti aago tí wọ́n rí nínú ìwé ọjà. Àpò lẹ́tà tó fúyẹ́ tí owó sì wà nínú rẹ̀ máa ń wu olè.

Òfin tí àwọn òyìnbó gbé bá iṣẹ́ náà wá kò ṣàdédé hù. Ní 1844 ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó ń jẹ́ Giuseppe Mazzini, tó ti sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé àwọn kan ń ka lẹ́tà òun. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa fi irun orí, hóró iyanrìn àti èso kékeré sínú lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i. Nígbà tí lẹ́tà dé, ó rí i pé èdìdì wà, ṣùgbọ́n iyanrìn ti dà nù! Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Thomas Duncombe ló gbé e síwájú wọn, ó sì hàn gbangba pé Sir James Graham, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n tú wọn. Ẹ gbọ́ o: òfin kò kọ̀ fún mínísítà láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí àwọn ará ìlú nínú ni pé wọ́n tú lẹ́tà, wọ́n sì tún èdìdì rẹ̀ ṣe kí ẹni tó ni í má bàa mọ̀. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sọ orúkọ mínísítà náà di ọ̀rọ̀ ẹ̀sín fún títú lẹ́tà onílẹ́tà. Ní Amẹ́ríkà, ní 1878, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní tirẹ̀ sọ pé lẹ́tà àti ìdì ẹrù tí a lẹ̀ pa dàbí ìwé tó wà nínú yàrá onílé. Ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ lọ́wọ́.

Níhìn-ín, òfin ìwà ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1916 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ tú lẹ́tà láìní àṣẹ tàbí láti fi í pamọ́. Nígbà tó yá, ogun Hitler dé. Ìjọba wá gba àwọn ayẹ̀wé-wò síṣẹ́ láti máa ka lẹ́tà tó ń lọ sí òkè òkun àti èyí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ àpò lẹ́tà, wọ́n á kà á, wọ́n á sì lẹ bébà kan bo ojú ibi tí wọ́n gé. Lára bébà náà ni a tẹ̀ ẹ́ sí pé ayẹ̀wé-wò ló tú lẹ́tà yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, bébà kékeré yẹn sàn ju èdìdì Mazzini tí wọ́n tún ṣe dáadáa lọ.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, a kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ pé kí a bọ̀wọ̀ fún ilé ènìyàn, ìdílé rẹ̀ àti ìwé tí ó ń kọ tàbí tí a ń kọ sí i. Nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999, ìpín 37 ló dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ibẹ̀ dúró. Ìpín 45 fi àyè sílẹ̀ fún òfin tó bá bójú mu, nítorí ààbò ìlú, ìlera ará ìlú àti ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Láàárín ìpín méjèèjì yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Ìkẹjà ni ìjà náà ti fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, ẹnì kan gbé ìdì ìwé kan wá sí ilé Dele Giwa ní òpópónà Talabi. Dele Giwa ni olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Newswatch, èyí tí òun, Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed dá sílẹ̀. Ìdì náà kò gba pósọ́fíìsì kọjá, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wà nílé sọ pé àmì ìjọba wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kí ẹlòmíràn má ṣe tú u àfi ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e wọlé fún un. Òun àti Kayode Soyinka, aṣojú ìwé ìròyìn náà ní Lọ́ńdọ̀nù, jọ wà nínú yàrá. Nígbà tí ó tú u, ó bú gbàù. Kayode Soyinka yè é; Dele Giwa kú ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 39 ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí ìwà ibi náà ti gbọ́n tó. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún èdìdì ni apànìyàn fi pa á. Ọmọ kò tú lẹ́tà baba rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tú lẹ́tà ọ̀gá ilé, nítorí a ti kọ́ wa pé lẹ́tà onílẹ́tà kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, orúkọ tuntun wọ èdè wa, lẹ́tà bọ́ǹbù. Ẹni tó ti ń bínú tẹ́lẹ̀ pé wọ́n tú ẹrù òun wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹlòmíràn bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọlé.

Agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ó fẹ̀sùn kan ọ̀gá ológun méjì, ó sì sọ fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pé bí wọn kò bá fẹ́ pe ẹjọ́ náà, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kí òun fúnra òun pè é. Wọ́n ní kí ni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a láre lórí èyí: nígbà tí ìwà ọ̀daràn bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ọmọ ìlú ló ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Títí di òní a kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ní 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìjọba tún ìwádìí rẹ̀ ṣe.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sórí páálí tiwa. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tó ti wà láti ìgbà ogun Hitler, ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè òkun ń gbà wọlé. Ẹrù pósọ́fíìsì máa ń ní ìwé pélébé lára, níbi tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ìwé yẹn ló ń sọ fún àwọn aṣọ́bodè pé ẹrù ni èyí, wọ́n sì lè tú u láti mọ owó orí tó yẹ. Àjọ NDLEA, tí òfin 1989 dá sílẹ̀ láti gbógun ti egbòogi olóró, náà ń wò ó, nítorí àwọn oníṣẹ́ ibi ń fi egbòogi pamọ́ sínú aṣọ, bàtà àti oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àṣẹ tú ẹrù kò ní ohun tí ó ń sá fún. Ó yẹ kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń tú u, kí ó lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, kí ó sì fi àmì iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ẹrù tí a tú, tí kò ní àmì aṣọ́bodè, tí kò ní nọ́ńbà, olè ló jọ.

Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe sáré fọwọ́ sí ìwé. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n níwájú yín, kí ẹ sì fi ìwọ̀n náà wé èyí tí wọ́n kọ sí i níbi tó ti wá. Ẹ kó o jáde níwájú òṣìṣẹ́, ẹ kà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbẹrù wọn pé ní títú ni ẹ gbà á. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ni, NIPOST tí ń fún wọn níwèé àṣẹ ni ẹ lè fẹjọ́ sùn. Kí ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ náà béèrè ní pósọ́fíìsì tirẹ̀, nítorí lọ́wọ́ rẹ̀ ni rìsíìtì wà. Nàìjíríà ti wà nínú ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé láti 1961, òfin ẹgbẹ́ náà sì fún yín ní oṣù mẹ́fà, láti ọjọ́ kejì tí a fi ẹrù náà ránṣẹ́, láti béèrè.